Bàbá Àgbà Kì í Jẹ́ Kí Ẹnikẹ́ni Síwájú Òun

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, jẹ́ kí n bi ọ́ ní nǹkan kan ná. Bí wọ́n bá ní kí o máa tẹ̀ lé bàbá arúgbó tí kò ríran wọ inú igbó tí àwọn ajínigbé wà, ṣé wàá lọ? Má yára dáhùn. Èmi lọ. Mo lọ lọ́jọ́ Ajé, mo lọ lọ́jọ́rú, mo lọ lọ́jọ́ Ẹtì, odindi oṣù mẹ́rin. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò àtiwọ yunifásítì, nítorí náà kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé ọgbọ́n mi ò pọ̀.

Àǹtí Fúnkẹ́, àbíkẹ́yìn Bàbá àgbà, ló ní kí n kọ nǹkan sínú ìwé ìrántí tí a fẹ́ tẹ̀. Ó ní, "Dáre, ojú ìwé kan péré. Kọ pé ọdẹ ni, kọ pé ó fẹ́ràn ọmọ, kí o gbàdúrà sí i nísàlẹ̀." Mo ní kò burú. Ọjọ́ kẹta rèé, ojú ìwé kan yẹn ò gbà á. Òun náà kúkú kì í gba orí bẹ́ǹṣì kan pẹ̀lú èèyàn nígbà tó wà láyé.

Ohun tí gbogbo ará Ìlógbò máa kọ́kọ́ rántí nípa rẹ̀ ni pé kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni síwájú òun. Lọ́jọ́ ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọn á ní kí ẹgbẹ́ àwọn ìyá kọ́kọ́ jó lọ, Bàbá á ti dé iwájú pẹpẹ kí àwọn akọrin tó lanu. Lọ́nà oko, ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá síwájú láàárọ̀ ni ìrì máa ń pa. Gbogbo koríko tó tẹ̀ sójú ọ̀nà, ara ṣòkòtò onítọ̀hún ló máa nu omi sí. Àwa tó kù á dé oko ní gbígbẹ, tiẹ̀ á ti tutù dé orúnkún, á wá dúró sídìí igi kòkó, á gbé ẹsẹ̀ sókè díẹ̀ kí a lè rí i dáadáa, bí ìgbà tí ọmọdé bá ń fi bàtà ọdún hàn èèyàn. "Ṣòkòtò mi ti tutù," ló máa ń wí. "Ẹ̀yin ẹ rọra máa bọ̀."

Nígbà tí àwọn ajínigbé wọ inú igbó tó wà láàárín wa àti Àrámọkọ, oko ò ṣeé lọ mọ́. Kòkó ń pọ́n, ó ń dúdú lórí igi, kò sẹ́ni tó máa já a. Ìgbà yẹn ni ìlú ní kí ẹgbẹ́ méjì para pọ̀ máa sin àwọn àgbẹ̀ lọ sóko láàárọ̀, kí wọ́n máa sìn wọ́n bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ẹgbẹ́ kìíní ni àwọn ọdẹ ìlú, Bàbá ni olórí wọn. Ẹgbẹ́ kejì ni àwọn ọlọ́kadà, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ọmọ àwọn tó wá láti Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun, tí wọ́n bí sí ọ̀dọ̀ wa, àmọ́ tí a ṣì ń pè ní àlejò títí dòní. Olórí tiwọn ni Mùfútáù, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Rífá, tó ń tún ọ̀kadà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bàbá nìkan ló ń pè é ní Mùfú.

Èmi ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé. Wọ́n ní ìwé ni mo kà. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá ó wọlé.

Ọ̀tá kan náà là ń bá jà, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ní oríta, ẹ óò rò pé àwa gan-an la fẹ́ jí ara wa gbé.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí ọ̀kadà síwájú," Bàbá Rífá ní. "Tá a bá kò wọ́n lọ́nà, ó lè yára padà wá kìlọ̀."

"Ó lè yára sá lọ, ohun tó o fẹ́ wí nìyẹn."

"Ta ló ń sá? Ṣé àwa tí ẹ bẹ̀ pé ká wá ràn yín lọ́wọ́?"

"Ta ló bẹ̀ ọ́? Ugbó ta ni? Igbó bàbá ta lo dúró sí yìí?"

Àwọn ọdẹ rẹ́rìn-ín. Àwọn ọlọ́kadà ò rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn, Wàsíù, ọmọ ẹ̀gbọ́n Bàbá Rífá, ọmọ tí kò lè dákẹ́, sọ pé láti ìgbà tí bàbá òun àgbà ti ń san ìṣákọ́lẹ̀, òun rò pé ó ti yẹ kí ìdílé àwọn síwájú lẹ́ẹ̀kan. Bàbá ò tiẹ̀ wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó gbé ìbọn ṣakabùlà rẹ̀ kọ́ èjìká, ó bọ́ sójú ọ̀nà. "Bàbá mi ló la ọ̀nà yìí," ló wí. "Ẹni tó bá fẹ́ síwájú mi, kó lọ la tiẹ̀."

Bí wọ́n ṣe parí rẹ̀ nìyẹn. Àwọn ọdẹ níwájú, àwọn àgbẹ̀ láàárín, àwọn ọlọ́kadà lẹ́yìn, wọn ò sì gbọdọ̀ tan ẹ́ńjìnnì kí ariwo má bàa jẹ́ kí a gbọ́ ohun tó ń lọ nínú igbó. Títì ni wọ́n ń ti ọ̀kadà wọn gòkè bí ẹni ń ti ewúrẹ́ tó kọ̀ láti lọ ọjà. Inú wọn ò dùn. Èmi náà fi wọ́n rẹ́rìn-ín, àmọ́ lábẹ́ ìwé ni.

A ò sinmi ìjà. Bàbá Rífá ra fèrè réfirí, ó ní òun á máa fi pe àwọn ọmọ òun, Bàbá ní ṣé bọ́ọ̀lù la fẹ́ gbá ni. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́kadà fi igi pa ọ̀yà lójú ọ̀nà. Àwọn ọdẹ ní bí ẹran bá kú nínú igbó, itan rẹ̀ ti olórí ọdẹ ni, láti ayébáyé. Àwọn ọlọ́kadà ní àwọn kì í ṣe ọdẹ. Wọ́n gbé odindi ọ̀yà lọ sílé, wọ́n sè é, àwọn ọmọ wọn jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, ìdajì àwọn ọdẹ ò wá. Ìyá Ṣadé, opó kan tó ní oko kòkó kékeré lẹ́bàá odò, wò wá ní oríta, ó ní, "Àwọn ajínigbé wà nínú igbó, ẹ̀yin ń jà lórí ọ̀yà." Ojú tì wá, ṣùgbọ́n kò tì wá tó. Bàbá Rífá ránṣẹ́ pé òun á ra itan ọ̀yà mìíràn dípò èyí tí wọ́n jẹ bí Bàbá bá gbà kí òun síwájú lẹ́ẹ̀kan péré. Bàbá fọ̀nkun. "Ẹ fi itan sílẹ̀ fún wọn," ló wí. "Ọ̀nà ni tèmi."

Ní báyìí, mo ní láti sọ ti ojú rẹ̀.

Ọ̀sán gangan ọjọ́ kan ni mo mọ̀. Wọ́n kó àpò kòkó mẹ́ta jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n da aṣọ bò ó. Bàbá ti ìta dé, ó tẹrí ba díẹ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ kú ìjókòó." Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, mo rò pé eré ló ń ṣe. Ó dúró, ó ń retí kí àpò kòkó dá òun lóhùn. Ìgbà tó gbọ́ ẹ̀rín mi ni ojú rẹ̀ yí padà. Ó wá mi kàn, ó di apá mi mú. Ó ní ó ti lé ní ọdún kan tí nǹkan bí èéfín ti bo ojú òun, pé ẹsẹ̀ òun ló mọ ọ̀nà oko, etí òun ló mọ èèyàn, nípa ìró sálúbàtà. Mo ní kí a lọ ọsibítù. Mo ní kí a sọ fún àwọn ọdẹ. Ó ní rárá. Mo bi í pé kí nìdí. "Tí wọ́n bá mọ̀," ó ní, "Mùfú ló máa síwájú."

Báyìí ni akọ̀wé di ojú. Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni mo ń rìn. Bí ó bá na ọwọ́ òsì sẹ́yìn, ó ń bi mí pé ta ló wà níwájú nìyẹn. Bí mo bá fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, ẹni tiwa ni. Bí mi ò bá fọwọ́ kàn án, kì í ṣe ẹni tiwa. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ewúrẹ́ pàápàá lè mọ̀ ọ́n ní ìrọ̀lẹ́ kan.

Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ ọ̀nà oko wa, ẹ mọ òkè tó wà lẹ́yìn odò. Orí òkè yẹn nìkan ni fóònù ti ń rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Gbogbo ọ̀nà yòókù, fóònù ò yàtọ̀ sí ọṣẹ. Láàárọ̀ ọjọ́rú kan, bí a ṣe gun òkè náà tán, fóònù gbọ̀n nínú àpò mi. Mo mọ̀ pé èsì yunifásítì ni. Mo ti ń dúró dè é láti ọ̀sẹ̀ méjì. Mo yọ ọ́.

Wàsíù ti ya wọ inú kòkó láti lọ tọ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ jáde síwájú wa, èyí tí wọ́n ti ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe. Bàbá gbọ́ tí ewé ń ró. Ó na ọwọ́ òsì sẹ́yìn. Mo rí ọwọ́ náà. Ẹ má jẹ́ kí n parọ́, mo rí i bí ìgbà tí èèyàn bá rí nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú. Mò ń kà á lórí fóònù pé wọ́n kẹ́dùn láti sọ fún mi pé… Mi ò fọwọ́ kan èjìká rẹ̀.

Ó yìnbọn.

Wàsíù ké. Fèrè réfirí dún. Àwọn ọdẹ méjì mìíràn yìnbọn wọ inú igbó, àwọn àgbẹ̀ sùn sílẹ̀, èéfín ẹ̀tù gba gbogbo orí òkè. Nígbà tó fi máa rọlẹ̀, ẹnu gbogbo èèyàn ti kò lórí pé àwọn ajínigbé ló yìnbọn fún Wàsíù nítan. Bàbá Rífá gbé e lé ẹ̀yìn ọ̀kadà, ẹ̀jẹ̀ ń kán sí ẹ́sọ́ọ̀sì. Èmi dúró, fóònù lọ́wọ́. Bàbá ò yíjú padà wò mí. Ó bi mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ta ni?" Mo ní Wàsíù ni. "Ó dáa," ó ní. "Mú mi relé."

Èyí tó burú jù ni pé a fẹ́ràn ara wa lẹ́yìn ìyẹn. Àwọn ọdẹ ru iṣu lọ sílé Bàbá Rífá. Àwọn ọlọ́kadà tún ẹ̀rọ tí àwọn ọdẹ fi ń fín oògùn sí kòkó ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Lémọ́ọ̀mù àti pásítọ̀ gbàdúrà ní oríta kan náà. Ọmọ ọlọ́kadà ń pe ọdẹ ní bàbá, ọdẹ ń pe ọmọ ọlọ́kadà ní ọmọ mi. Kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀ itan ọ̀yà. Bàbá Rífá wá jókòó sọ́dọ̀ wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní, "Bàbá, a ti bá ara wa fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ báyìí. Kò tún sí àlejò mọ́." Bàbá gbé oúnjẹ síwájú, kò jẹ ẹ́. Bí ọkùnrin náà ṣe lọ tán, ó ní lọ́jọ́ Ajé òun máa sọ ọ́.

Mo bẹ̀ ẹ́. Ẹ gbọ́, ọ̀rọ̀ mi mọ́gbọ́n dání. Mo ní wọ́n á túká. Mo ní Wàsíù ò kú, ara rẹ̀ ti ń yá. Mo ní bí ẹgbẹ́ bá túká, àwọn ajínigbé á padà wá, ẹlòmíràn ló máa jìyà rẹ̀. Mi ò sọ pé ẹ̀rù ara mi ló ń bà mí, àmọ́ mo rò pé ó gbọ́ ọ nínú ohùn mi. Ó ní, "Gbogbo ẹ̀rín tí wọ́n ń rín yẹn, mo ń gbọ́ ọ. Mi ò lè sùn."

Lọ́jọ́ Ajé, ní oríta, níwájú ẹgbẹ́ méjèèjì àti àwọn àgbẹ̀, ó bọ́ fìlà. Mi ò tíì rí i kó bọ́ fìlà fún èèyàn rí. Ó fi ṣakabùlà rẹ̀ lélẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ Bàbá Rífá. Ó ní, "Ojú mi ò ríran, ó ti pẹ́. Èmi ni mo yìnbọn fún Wàsíù. Kì í ṣe àwọn ajínigbé."

Bàbá Rífá wo ìbọn, ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó bi í pé, "Ta ló wà lẹ́yìn yín lọ́jọ́ náà, Bàbá? Ẹni tí ò ríran ò lè dá rìn dé orí òkè."

Mo wà níbẹ̀. Ìwé akọ̀wé wà lábíyá mi. Àlàfo tó wà láàárín èmi àti Bàbá ò tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta.

"Kò sẹ́nì kankan," Bàbá ní. "Èmi nìkan ni."

Bàbá Rífá gbójú sókè, ó wò mí. Mo wo sálúbàtà mi. Mo lè sọ fún yín títí dòní pé okùn ti ẹsẹ̀ ọ̀tún ti fẹ́ já.

Àwọn ọlọ́kadà tan ẹ́ńjìnnì gbogbo ọ̀kadà wọn lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n lọ. Inú bí àwọn ọdẹ sí Bàbá ju bó ṣe bí àwọn ọlọ́kadà lọ, wọ́n ní ó tú àṣírí fún àlejò. Oko tún padà di ohun tí kò ṣeé lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Ìyá Ṣadé ò lè fara dà á mọ́ pé kòkó òun ń jẹrà, ó dá lọ. Wọ́n gbé e. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò lọ́wọ́ wọn. Ó padà dé, ṣùgbọ́n ìyá tó máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ní oríta kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn kan ní ẹnu Bàbá ló fà á. Wọ́n sọ ọ́ sí i létí. Mi ò mọ̀ títí dòní bóyá ó yẹ kó sọ ọ́ àbí kò yẹ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ká ní mo fọwọ́ kan èjìká kan lọ́jọ́rú yẹn, kì bá tí sí ohun tó máa sọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n gbé Ìyá Ṣadé, Bàbá ní kí n mú òun lọ sọ́dọ̀ Mùfú. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà. Bàbá Rífá ò kí i. Ó ń tú kàbúrétọ̀, ó ń fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́. A jókòó títí di ọ̀sán, a lọ sílé. Bí a ṣe ń ṣe nìyẹn lójoojúmọ́. Èmi náà ń jókòó, mò ń wo páànù, mò ń gbọ́ bí Wàsíù ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀ kọjá. Lọ́jọ́ kẹjọ, Bàbá Rífá sọ̀rọ̀ láì gbójú sókè.

"Bàbá, ẹ sún díẹ̀. Ẹ ń dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ mi."

Bàbá sún. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó ní, "Mùfú, kí o máa síwájú."

"Níbo?"

"Lọ́nà oko. Máa síwájú. Èmi á di èjìká rẹ mú, màá máa sọ ibi tí ihò wà fún ọ."

Bàbá Rífá nu ọwọ́ rẹ̀ pẹ́ kó tó dáhùn. "Ẹ má yọ mí lẹ́nu lọ́nà o, Bàbá."

Ó yọ ọ́ lẹ́nu. Ó ní ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo, ó ní ó ń rìn bí ẹni tó ru ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n a ń lọ, àwọn ọdẹ díẹ̀, àwọn ọlọ́kadà díẹ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn ló padà. Wàsíù ò padà. Bí a bá dé oko, Bàbá á bẹ̀rẹ̀, á fọwọ́ kan ṣòkòtò Bàbá Rífá ní orúnkún, á ní, "Ó ti tutù."

Kó tó kú, nígbà tí àyà ń dùn ún tí kò lè dìde mọ́, mo bi í pé kí ló dé tó fi ní kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn òun. Mo rò pé ó máa sọ pé nítorí pé mo jẹ́ ọmọ ọmọ òun. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "O ò tíì lè ru ìkórìíra. Bó o bá dàgbà, ìwọ fúnra ẹ á sọ fún wọn." Mo ti ń gbìyànjú láti dàgbà láti ìgbà yẹn. Ìdánwò yẹn náà, mo ṣì ń fìdí rẹmi nínú rẹ̀.

Òwúrọ̀ òní la fẹ́ gbé ẹrù ọdẹ rẹ̀ lọ sínú igbó. Àṣà àwọn ọdẹ ni: bí ọ̀kan nínú wọn bá kú, wọ́n á kó fìlà rẹ̀, àpò rẹ̀, ẹ̀wù ọdẹ rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n á gbé e sídìí igi kan, kí òun àti àwọn alààyè lè pínyà. Bàbá ti sọ ẹni tí òun fẹ́ kó síwájú kó tó lọ. Ó ní, "Mùfú ni kó síwájú. Dáre ni kó wà lẹ́yìn rẹ̀." Àwọn ọdẹ kan kùn, wọ́n ní àlejò ò lè ṣáájú ẹrù ọdẹ. Àǹtí Fúnkẹ́ bi wọ́n pé ta nínú wọn ló fẹ́ lọ bá Bàbá jiyàn.

Láti ìdájí ni mo ti ń wo ojú fèrèsé. Mi ò mọ̀ bóyá àwọn ọlọ́kadà á wá. Nísinsìnyí mò ń gbọ́ wọn. Wọn ò tan ẹ́ńjìnnì. Títì ni wọ́n ń ti ọ̀kadà gòkè bọ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe nígbà yẹn. Mo ka ẹsẹ̀ wọn bí Bàbá ṣe máa ń kà á. Ọ̀kan nínú wọn ń wọ́ ẹsẹ̀.

"Akọ̀wé," Bàbá Rífá ń pè níta, "ṣé ojú ìwé kan yẹn ò tíì parí ni? Ìrì ti ń gbẹ. Jáde wá dúró lẹ́yìn mi."

Mo ní mò ń bọ̀, sà. Àǹtí mi ò mọ ohun tó wà nínú ìwé yìí, bó bá sì kà á, ó lè má tẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara mi sọ ọ́ lónìí, kí a tó dé orí òkè, kí Wàsíù náà gbọ́. Màá fọwọ́ kan èjìká Bàbá Rífá, ó máa yíjú padà, màá wá sọ pé lọ́jọ́rú yẹn, èmi ni mo wà lẹ́yìn Bàbá, fóònù sì wà…

Ó tún ti pè mí. Mò ń lọ.